Àwòrán Tí Nehemiah Kò Lè Já Lára Ògiri

Ẹ gbé ọbẹ̀ tó jóná síwájú Nehemiah Béjidé, yóò lá ìka, yóò ní ẹ kú iṣẹ́, ọbẹ̀ náà dùn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe mọ̀ ọ́n ní Òkè-Fìà l'Óṣogbo, níbi tí ṣọ́ọ̀bù iná rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tèmi ti fara kanra. Ní gbogbo ìgbà tí a fi jọ wà níbẹ̀, n kò gbọ́ kí ó sọ fún oníbàárà kankan rí pé ohun tó fẹ́ kò dára. Yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, "Ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná." Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ kíkorò kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ máa ń kọ mí lóminú, mo sì ti sọ ọ́ fún un lójúkojú. Ó rẹ́rìn-ín sí èmi náà.

Ọmọ Iléṣà ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì paraku. Ó ń ṣiṣẹ́ iná fún ìjọba ìpínlẹ̀ láàárọ̀, bí wọ́n bá sì ti jáde níbi iṣẹ́, á wá ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọ̀fàtẹ̀dó ló ń gbé pẹ̀lú Julianah ìyàwó rẹ̀ àti Jọmílójú ọmọbìnrin wọn, nínú ilé tuntun tí wọn kò tíì rẹ́ ara rẹ̀ tán. Ọ̀kadà ló ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún ní iṣẹ́ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kì í sanwó rẹ̀ fún un, orí iṣẹ́ yìí sì ni ìtàn mi dá lé. Òun ni olùtọ́jú àwòrán fún Ẹgbẹ́ Ìmọ́lẹ̀dé, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ iná tó ní ẹ̀ka l'Óṣogbo, l'Ẹ́dẹ, ní Iléṣà àti ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà.

Ẹgbẹ́ náà ní àṣà kan tí ẹ kò lè rí láàárín àwa télọ̀. Télọ̀ tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń gé kọ́là tuntun kan, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí kó tó gé e. Àwọn wọ̀nyí kì í fi nǹkan pamọ́. Ẹni tó bá rí ọ̀nà tó dára láti so iná ilé, á yà á sórí káàdìbọ́ọ̀dù, á gbé e wá sípàdé, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì kàn án mọ́ ògiri. Láti ọjọ́ náà lọ, ó ti di ti gbogbo ènìyàn. Ẹnikẹ́ni lè dà á kọ, ó lè tún un ṣe, ó lè gbé e fún ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí ó má yí padà ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ yà á, tó gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ohun tó bá ti di ti gbogbo ènìyàn kì í rọrùn láti pè padà. Ìdí tí wọ́n fi yan olùtọ́jú nìyẹn. Bí àwòrán bá ṣì dára, Nehemiah á fi bírò aláwọ̀ ewé kọ ọ́ sí i lórí pé, "Ẹ lò ó." Bí ó bá ti di ohun àtijọ́ tó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá, bírò pupa ni, "Ẹ má lò ó mọ́." Á já a lára ògiri, á sì ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀ka yòókù pé kí wọ́n já tiwọn náà. Iṣẹ́ tí kò le ni, àfi fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kíkorò kì í jáde lẹ́nu rẹ̀.

Kò sí àwòrán tó lókìkí lára ògiri yẹn tó ti Bàbá Adédìran. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni Bàbá nígbà tí rélùwéè ṣì ń gbọ́ bùkátà ìdajì ìlú yìí. Òun ló kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oníṣẹ́ iná Òṣogbo níṣẹ́, òun náà ló dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Nígbà tí Nehemiah kúrò ní Iléṣà wá kọ́ṣẹ́, tí kò mọ ẹnì kan, yàrá Bàbá ló ń sùn, inú abọ́ Bàbá ló sì ti ń jẹun. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà ju bí ọmọ mìíràn ṣe ń fẹ́ràn bàbá tó bí i lọ.

Ohun tí àwòrán Bàbá fi hàn ni bí ènìyàn ṣe lè fi jẹnẹrétọ̀ tan iná gbogbo ilé nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Kò le rárá. Wáyà kan ni láti ara jẹnẹrétọ̀, pẹ̀lú pílọ́ọ̀gì lórí rẹ̀. Ẹ ó ki pílọ́ọ̀gì náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, gbogbo ilé á mọ́lẹ̀. Ohun kan ni ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé. Kí ẹ tó tan jẹnẹrétọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rẹ súwíìṣì ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé sílẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé, iná tí ẹ tàn á gba wáyà ìta jáde lọ sórí òpó, tiransifọ́mà àdúgbò á sì sọ ọ́ di iná ńlá tó lè pa ènìyàn. Ẹni tó wà lórí òpó, tó ń tún wáyà ṣe, tó sì gbà pé wọ́n ti mú iná lọ, kò ní mọ ohun tó ń bọ̀.

Ní rélùwéè, àwòrán náà dára gan-an. Wọ́n ní ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó dúró ti súwíìṣì yẹn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi máa dé àárín àwọn ọdún 1990, iná ìjọba ti di àlejò, ẹni tó bá sì rí já jẹ ti ń ra jẹnẹrétọ̀ kékeré sẹ́yìn ilé. Ìyàwó ilé ń tàn án, ọmọ ilé ń tàn án, àlejò tó sùn mọ́jú ń tàn án. Ta ló ń rántí súwíìṣì nínú wọn? L'Ẹ́dẹ, iná gbé ọkùnrin kan jù sílẹ̀ láti orí àkàbà, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ẹgbẹ́ ṣèpàdé lórí rẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé àkókò àwòrán Bàbá ti kọjá, wọ́n sì ní kí Nehemiah ya òmíràn tó ní ṣéńjì-ófà, ìyẹn súwíìṣì tí ènìyàn ń yí sọ́tùn-ún fún iná ìjọba, tàbí sósì fún jẹnẹrétọ̀, tí kò sì sí bí méjèèjì ṣe lè pàdé, bó ti wù kí onílé gbàgbé tó. Bàbá kò sí nípàdé ọjọ́ náà. Orúnkún àti ojú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó máa lọ mọ́.

Nehemiah ya tuntun náà, ó sì dára. Ó ku kí ó fi pupa kọ nǹkan sórí ti àtijọ́. Ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ṣí ìdérí bírò pupa, ó tún un dé. Mo ń wò ó láti ìdí maṣíìnì mi.

"Ṣé lẹ́tà ìfẹ́ lò ń kọ ni?" ni mo bi í.

"Orúkọ Bàbá ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀ yìí," ló fèsì. "Báwo ni mo ṣe máa kọ 'ẹ má lò ó mọ́' lé orúkọ Bàbá lórí? Àwọn ọmọdé á máa wò ó."

"Àwòrán lo fẹ́ fi pupa kọ, kì í ṣe Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó mú bírò aláwọ̀ ewé, ó kọ "Tuntun ti dé" sí igun kan, ó fọwọ́ pa á lára bí ẹni tó ń pa ọmọ lórí. Mo ní kí ló túmọ̀ sí, ṣé kí wọ́n fi ti àtijọ́ sílẹ̀ ni àbí kí wọ́n má fi í sílẹ̀? Ó ní ẹni tó bá mọ̀, á mọ̀. N kò fa ọ̀rọ̀ náà gùn. Ṣòkòtò ẹnìkan wà lọ́wọ́ mi, ẹni náà sì ti dúró lórí mi.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dá a padà sára ògiri, tó sì ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀ka, "Tuntun ti dé," láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé kó já nǹkan kan. Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ó máa ń gba ilé Bàbá Adédìran lọ, kí wọ́n jọ jẹ iyán ọ̀sán. Bàbá á bi í pé, "Nehemiah, ṣé wọ́n ṣì ń lo àwòrán mi?" Òun á ní, "Wọ́n ń lò ó, Bàbá." Inú Bàbá á dùn, á tún bu ẹran sí i lábọ́. Ohun tó sì wá burú níbẹ̀ ni pé kì í ṣe irọ́. Wọ́n ń lò ó lóòótọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e bá ìjì wá. Ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, igi kan wó lé wáyà lẹ́bàá ọ̀nà Àkúrẹ́, gbogbo apá ibẹ̀ sì ṣókùnkùn. Táòfíkì, òṣìṣẹ́ iná ìjọba, ni wọ́n rán lọ, ọmọ Òṣogbo kan tí iṣẹ́ gbé lọ síbẹ̀, tó fẹ́ Nọ́síràtù, tó sì kọ́ yàrá méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló jẹ́rìí pé kì í fi òpó ṣeré. Ó pa iná láti orísun rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gun òkè. Nínú ilé kan tí kò jìnnà síbẹ̀, àlejò kan tó ń lọ sí Àkúrẹ́ fẹ́ lọ aṣọ rẹ̀. Ó tan jẹnẹrétọ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un nípa súwíìṣì kankan, onílé kò sì sí nílé.

Táòfíkì kò kú. Okùn tó fi so ara rẹ̀ mọ́ òpó ló gbé e dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù ní Iléṣà, àwọn dókítà kò rí ọgbọ́n mìíràn dá, wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́, wọ́n sì gé tòsì láti ọrùn ọwọ́.

Ẹgbẹ́ rán Nehemiah lọ sí Ìpetu láti lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Mùyídéènì, alága wọn níbẹ̀, ló mú un lọ sílé ìpàdé wọn. Bí wọ́n ti wọlé ló rí i. Wọ́n ti kan àwòrán tuntun mọ́ ògiri bí ó ti wí. Wọ́n kàn án sísàlẹ̀, níbi tí àwọn àga ti bò ó ní ìdajì. Òkè rẹ̀, níbi tí ojú ẹni tó bá wọlé á kọ́kọ́ bà, àwòrán Bàbá Adédìran wà níbẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ti fi ọ̀rá bò ó kí eruku má baà bà á jẹ́.

"Èyí àtijọ́ ńkọ́?" ni Nehemiah béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, ti Bàbá mà ni!" Ẹnu ya Mùyídéènì. "Ṣé a wáá gbé ti Bàbá sí ìsàlẹ̀ tiyín ni? Ojú á tì wá. A rí ohun tẹ́ ẹ kọ sí wa. Tuntun dé, a kí i káàbọ̀, a fún un láyè. Ẹ̀yin ò kúkú sọ pé ká lé àgbà jáde nínú ulé."

"Ẹni tó wáyà ilé yẹn, èwo ló lò?"

"Lùkúmọ̀n ni. Ọmọ uṣẹ́ dáadáa ni. Ti òkè ló wò, ti Bàbá. Ẹ̀yìn ìgbà tí tiyín dé ló ṣe é, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ bó ṣe wọlé, ti Bàbá ló kọ́kọ́ rí."

Nehemiah dúró níbẹ̀. Ó mọ̀ pé ohun tó yẹ kó ṣe ni kó na ọwọ́, kó já a. Ọwọ́ náà kò gbéra. Ó sọ fún Mùyídéènì pé kí wọ́n jẹ́ ká máa wò ó ná.

Nígbà tó ń padà bọ̀, ó yà sí ọsibítù ní Iléṣà. Táòfíkì ń sùn. Nọ́síràtù, ìyàwó rẹ̀, kúnlẹ̀ kí i lórí sìmẹ́ǹtì. "Ẹ ṣé o, sà. Àwọn ènìyàn ti sọ fún mi. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́ wọn pé kí wọ́n máa ṣọ́ra, ká ní wọ́n tẹ̀ lé tiyín ni, èyí ò bá má ṣẹlẹ̀. Ọlọ́run á san án fún yín." Nehemiah sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àdúrà yẹn bà á bí ìgbà tí wọ́n da omi gbígbóná sí ènìyàn lára. Ó ní òun kò ṣe àmín.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e l'Óṣogbo, kò sí ẹni tó dá a lẹ́bi. Wọ́n bú onílé. Wọ́n bú àlejò tó ń lọ aṣọ. Wọ́n bú Lùkúmọ̀n pé kò fojú sílẹ̀. Wọ́n wá dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Nehemiah Béjidé, tó ti ya tuntun tó sì ti ránṣẹ́ sí wọn lákòókò. Ó dúró láàárín wọn, ó ń wo ilẹ̀. Ká ní ẹnìkan nà án ní ìgbátí ní ọjọ́ yẹn ni, mo rò pé inú rẹ̀ ìbá dùn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Kò jẹun, bí ó bá sì jẹ, kò mọ ohun tó jẹ. Bí ó bá di wáyà mú ní ṣọ́ọ̀bù, á kàn máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó sọ fún Bàbá pé ara òun kò yá, kò lọ jẹ iyán. Níkẹyìn Julianah fà á jókòó níwájú ilé wọn ní Ọ̀fàtẹ̀dó, nígbà tí Jọmílójú ti lọ sílé-ìwé.

"Bàbá Jọmílójú, ẹ sọ ọ́ fún mi. Kí lẹ ṣe?"

Kò ní "kí ló ṣe yín." Ó ní "kí lẹ ṣe." Obìnrin yẹn gbọ́n ju gbogbo wa lọ. Nehemiah sọ ọ́ fún un látòkèdélẹ̀, bírò pupa, bírò ewé, iyán Bàbá, ọwọ́ Táòfíkì. Ó ní, "Julianah, mo mọ̀. Kì í ṣe pé n ò mọ̀. Mo mọ̀ pé ó lè pààyàn, mo sì fi í sílẹ̀ lára ògiri torí pé n ò fẹ́ kí ojú ti Bàbá. Èmi ni mo gé ọwọ́ ọmọ yẹn."

Julianah kò sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ó ṣì wà lára ògiri báyìí? Ní gbogbo ibi tó kù?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yin wáá jókòó síbí, ẹ ń sunkún? Ẹlòmíràn á tún gun òpó lọ́la. Ẹ dìde!"

Ó dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀bùrú ló gbà. Ó fẹ́ já àwòrán náà ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ kí Bàbá gbọ́. Ó kọ́kọ́ lọ sí Ẹdẹ. Àwọn ará Ẹdẹ wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Bàbá Adédìran ló kọ́ wọn níṣẹ́, fúnra Bàbá ló wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan àwòrán yẹn mọ́ ògiri wọn, Nehemiah wá fẹ́ já a? "Tuntun ti dé" nìkan ló kọ sí wọn, kò sọ fún wọn rí pé kí wọ́n já nǹkan kan. Wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ṣé Bàbá ló rán an? Kò lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kó máa lọ, kó lọ mú ẹnu Bàbá wá. Ìgbà yẹn ló wá yé e pé kò sí ọ̀nà tó lè gbà yọ ikú kúrò lára ògiri wọ̀nyẹn láìgba iwájú ọ̀gá rẹ̀ kọjá.

Ó bẹ̀ mí pé kí n tẹ̀ lé òun. Mo fi ọkọ̀ Dátísọ̀n mi tó ti gbó gbé e lọ. Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ rédíò. Nehemiah dọ̀bálẹ̀, kò dìde.

"Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Ẹnikẹ́ni ò kú, Bàbá. Àwòrán yín ni." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ nílẹ̀.

Bàbá pa rédíò. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ lórí bọ́tìnnì náà. Mo rò pé yóò pariwo, mo tilẹ̀ ń retí rẹ̀, torí pé ó wù mí kí ẹnìkan pariwo mọ́ ọkùnrin yìí. Kò pariwo.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé kò dáa mọ́?"

"Láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, Bàbá."

"Ìwọ tí ò ń jẹun níwájú mi. Tí mò ń bi ọ́ pé ṣé wọ́n ṣì ń lò ó."

"Mo rò pé ojú á tì yín, Bàbá. Mi ò fẹ́ kí..."

"Ojú wo?" Bàbá nawọ́ sí ojú rẹ̀ tó ti ń ṣókùnkùn. "Èyí? Nehemiah, ká ní mo wà nípàdé ọjọ́ yẹn ni, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ ní kí wọ́n já a. Iṣẹ́ rélùwéè ni mo yà á fún. Ta ló ní kí wọ́n máa lò ó nílé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́? Ṣé o rò pé iná mọ orúkọ mi ni? O gba iṣẹ́ mi lọ́wọ́ mi, o sọ mí di ère tí wọ́n ń fi ọ̀rá bò, o wá fi ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ bò mí lójú. Ṣé mo bẹ̀ ọ́?"

Nehemiah ń sunkún bí ọmọdé. Bàbá kò wò ó. Èmi ló yíjú sí.

"Ìwọ télọ̀, ṣé mọ́tò ẹ á gbé wa dé Ìpetu?"

Mo ní á gbé wa dé ibẹ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Bàbá ní ká fún òun ní fìlà àti bàtà òun. Nínú ọkọ̀, kò bá Nehemiah sọ ọ̀rọ̀ kankan títí a fi kọjá Iléṣà.

Ilé ìpàdé la kọ́kọ́ dé. Mùyídéènì àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó kù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ayọ̀ kún inú wọn pé Bàbá wá kí wọn. Bàbá béèrè èwo ni tirẹ̀ lára ògiri. Wọ́n ní ti òkè ni. Mùyídéènì fẹ́ bá a gbé e sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Bàbá ní kí ó bọ́ sẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ kan ara ògiri títí ó fi bá ọ̀rá náà, ó ki èékánná bọ abẹ́ rẹ̀, ó fà á ya pẹ̀lú ìṣó àti gbogbo nǹkan. "Ẹ ránṣẹ́ sí Ẹdẹ," ló sọ, "ẹ ránṣẹ́ sí Iléṣà àti Òṣogbo, ẹ ní èmi Adédìran ni mo ní kí wọ́n já a, kí wọ́n sun ún. Kí ẹnikẹ́ni má lò ó mọ́ títí ayé." Lùkúmọ̀n, tó wáyà ilé ọjọ́ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ tí kò dọ̀tí.

Lẹ́yìn náà Bàbá ní, "Ilé ọmọ yẹn dà?"

Táòfíkì ti kúrò ní ọsibítù nígbà náà. A bá a lórí àga níwájú yàrá rẹ̀, Nọ́síràtù ń fún un ní ẹ̀kọ mu. Wọn kò mọ Bàbá rí, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Nígbà tí Nehemiah dárúkọ rẹ̀, Táòfíkì fẹ́ dìde láti dọ̀bálẹ̀, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó tún jókòó.

Bàbá ṣí fìlà. "Táòfíkì," ló wí, "èmi ni mo ya àwòrán tó gba ọwọ́ rẹ." Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, arúgbó náà ti bẹ̀rẹ̀, ó ti kúnlẹ̀, ó ti fi àyà lélẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì níwájú ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ tó bí.

Nọ́síràtù kígbe. Abọ́ ẹ̀kọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Táòfíkì fò kúrò lórí àga. "Súbúhánálàhì! Bàbá, ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé èyí lé mi lórí!" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó na apá méjèèjì sí i láti gbé e, bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, kò sì rí ohun tí yóò fi dì í mú.

Nehemiah sáré ki Bàbá lábíyá. Bàbá gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Fi mí sílẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìdúró ló yẹ kí o wà?"

Nígbà náà ni Nehemiah náà lọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, pé Bàbá kò mọ nǹkan kan, pé òun ló mọ̀, pé òun ló ní bírò pupa lọ́wọ́ tí òun kò lò ó. Ó sọ fún Nọ́síràtù pé kí ó gba àdúrà rẹ̀ padà. Kò ṣàwáwí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí èmi àti ọkùnrin yìí ti jọ wà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kíkorò lẹ́nu rẹ̀, orí ara rẹ̀ ló sì sọ ọ́ sí.

Táòfíkì gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán lórí ìdúró. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wò ó. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ Bàbá. "Bàbá, mo ti gbọ́. Ẹ dìde, ẹ jókòó. Nọ́síràtù, gbé omi wá fún Bàbá." Èmi àti Nọ́síràtù gbé arúgbó náà sórí àga. Omi dé, Bàbá mu ún, Táòfíkì sì jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè bí ọ̀nà ṣe rí.

Nehemiah ṣì wà nílẹ̀. Bàbá nìkan ni Táòfíkì sọ fún pé kó dìde.